Ara Ta Ni Oníṣẹ́-Abẹ Fi Ń Kọ́ṣẹ́?

Ó lè yà yín lẹ́nu pé onílítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ lára obìnrin. Ìwé kan ni ó fà á.

Ní 1884 ni a tẹ ìtàn ìgbésí-ayé tí J. Marion Sims, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa ara rẹ̀ jáde. Ó sọ bí òun ṣe wá ìwòsàn fún àwọn obìnrin tí ìrọbí tó pẹ́ jù dá ihò sí àárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara wọn, tí ìtọ̀ fi ń dà lára wọn láìdáwọ́ dúró. Ní Montgomery, láàrin 1845 sí 1849, ara àwọn ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà. A mọ orúkọ mẹ́ta: Anarcha, Lucy àti Betsey. Abẹ tí ó ṣe fún Anarcha nìkan tó ọgbọ̀n (30), láìlo oògùn apàmọ̀lára. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kọ ìwé sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó mú abẹ ni a ti gbọ́ ìtàn ìrora wọn. Ní 2018 ni a gbé ère Sims kúrò ní Central Park, ní New York.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ṣẹ́. Títí di òní, irú abẹ yìí ń gba àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí a ń bi ara wa ni ibi tí ọwọ́ ọ̀dọ́ dókítà yóò ti kọ́kọ́ gbọ̀n.

Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kì í ti orí aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Àkísà ni ọ̀gá ń kó lé e lọ́wọ́. Agbẹ̀bí kan, Madame du Coudray, ti mọ èyí ṣáájú Sims. Ní 1759, ọba Louis XV fún un láṣẹ láti máa kọ́ àwọn agbẹ̀bí káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ó fi aṣọ àti awọ rán ìbàdí obìnrin àti ọmọ inú rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ gbẹ̀bí léraléra láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀kan ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Rouen.

Lóde òní, àpótí tí ó ní ẹ̀rọ ayàwòrán nínú ni àkísà àwọn tó ń kọ́ abẹ tí a ń ti ihò kékeré ṣe. Níbẹ̀, bí ọwọ́ bá lọ sí ọ̀tún, ẹnu irin a lọ sí òsì. Ó di ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìdánrawò kí ó tó mọ́ni lára. Ṣùgbọ́n àpótí kò lè kọ́ni tán. Iṣan tín-ínrín tí ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé-ọmọ kọjá. Ẹni tí ó bá ń yọ ilé-ọmọ, tí kò mọ ibẹ̀ dájú, lè gé èkíní mọ́ èkejì. Ara òkú ni ó ń fi èyí hàn kedere.

Òkú ta ni? Ní Edinburgh, ní 1828, Burke àti Hare pa ènìyàn mẹ́rìndínlógún (16), wọ́n sì ta òkú wọn fún olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀yà-ara. Òfin ọdún 1832 ní Bìrìtìkó wá fàyè gba lílo òkú tálákà tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn náà léèrè, gẹ́gẹ́ bí a kò ti bi Anarcha. Òfin 2004 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pàṣẹ pé kí ẹni náà ti fọwọ́ síwèé kí ó tó kú.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Kí dókítà kọ́kọ́ fi aṣọ àti àpótí kọ́ṣẹ́. Kí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú òkú ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ tinútinú. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó dúró ti alààyè, lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀bùn ni ara tí a yọ̀ǹda. Èyí tí a kò béèrè, olè ni.