Ká Kọ́kọ́ Kan Ilẹ̀kùn



Lọ́dún tó kọjá, a bu owó ìtanràn lé ọ̀kan nínú wa tí kò wá sí ìpàdé mọ́. Àṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló dè é mọ́lé.

Ní 1998, onímọ̀ mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel lórí nitric oxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń ṣe láti mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ó tún ń jíṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Bí owó ọwọ́ kaṣíà ló rí: kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Bó bá lé, bíi nígbà àrùn rọpárọsẹ̀, a máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti ń tọpa rẹ̀ dé inú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Nítorí náà, àìsàn ni, kì í ṣe ìgbéraga. Ká tó kọ owó ìtanràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ká sì mú ẹni wa lọ rí dókítà.