Bí Àwòrán Purojẹ́kítọ̀ Tòkunbọ̀ Bá Yí Àwọ̀ Padà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni a mú wá, owó tí gbogbo wa fi òógùn ojú wa dá.

Láti Mọ́níyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, purojẹ́kítọ̀ tòkunbọ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ká. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti yí àwọ̀ padà, kíá ni a ó gbọ́ pé: "Gílóòbù ti kú, ẹ mówó wá." Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ pé a kì í sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nígbà tí a kò tíì yẹ púlọ́ọ̀gì wò.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí, àwọn dígí ló ń pín ìmọ́lẹ̀ funfun gílóòbù sí mẹ́ta: pupa, ewé àti búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún pàdé kí wọ́n tó dé ara ògiri. Bí búlúù bá sọnù, funfun á di àwọ̀ ìyeyè. Bí ewé bá sọnù, á di elésè-àlùkò. Bí pupa bá sọnù, á di ewé tó pò mọ́ búlúù. Àwọ̀ tó kù ló ń sọ èyí tó sá lọ fún wa.

Èkíní, ẹ wo ògiri fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kùn ún, ẹ ta aṣọ funfun sí i. Kí ẹ sì dá ètò àwọ̀ ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Ó lè jẹ́ pé ojú pátákó ìkọ̀wé ni ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣètò rẹ̀ fún.

Èkejì, ẹ yọ wáyà àwòrán, kí ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́nù. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ya mẹ́nù. Bí àwọ̀ mẹ́nù bá mọ́, wáyà tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán wá ló lẹ́jọ́. Wáyà VGA ní ẹsẹ̀ 15, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹyọ kan bá wọ́, àwọ̀ kan lọ nìyẹn. Ẹ yá wáyà mìíràn dán an wò.

Ẹ̀kẹta, bí mẹ́nù náà bá bàjẹ́, tí àbàwọ́n ìyeyè wà lójú funfun, tàbí tí búlúù ń tàn níbi tó yẹ kó ṣókùnkùn, ooru ti jó ọ̀nà búlúù nínú ẹ̀rọ. Ọ̀nà yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jó. Gílóòbù tuntun kò lè wò ó sàn. Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ olùtajà, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Irú mìíràn wà tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré aláwọ̀ oríṣiríṣi ló ń yí nínú rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ń fò, tí ẹ̀rọ sì ń pariwo, kẹ̀kẹ́ yẹn ni kí ẹ fura sí.

Kí ló ń fa ooru? Eruku ọ̀nà oko àti ti ọyẹ́ ló ń dí asẹ́ atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó nu asẹ́. Bí ẹ bá pa á, ẹ jẹ́ kí fáànù parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí iná bá sì lọ lójijì, ẹ má ṣe tan án padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Gílóòbù tó ti gbó a máa mú kí gbogbo àwòrán ṣú. Ẹ wo iye wákàtí tó ti lò nínú mẹ́nù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé olùtajà lè dá a padà sí òdo. Mẹ́kúrì wà nínú ọ̀pọ̀ gílóòbù bẹ́ẹ̀: bó bá bẹ́, kí gbogbo èèyàn jáde, kí ẹ ṣí fèrèsé.

Nítorí náà, kí akápò tó sanwó, kí ẹ tan ẹ̀rọ fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ wo ojú funfun gbalaja, kí ẹ wo ojú dúdú. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Kì í ṣe ohun tí a fi ń ta tẹ́tẹ́.