Àkèré Tó Gbé Ọta Ìbọn Mì: Ọ̀rọ̀ Lórí Àbùmọ́ àti Ẹ̀fẹ̀

Àbùmọ́ nínú àwàdà àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yàn mí: wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ àbùmọ́ tó àwa oníròyìn!

Oníròyìn náà ni ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ: Samuel Clemens, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mark Twain. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1865 ni ìwé ìròyìn kan ní New York gbé ìtàn rẹ̀ jáde nípa àkèré kan ní California. Ìtàn náà ló sọ ọ́ di olókìkí.

Ẹ gbọ́ ná. Jim Smiley ni wọ́n ń pe ọkùnrin kan. Tẹ́tẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ń ṣàìsàn, pásítọ̀ ní ara rẹ̀ ti ń yá, Smiley ní òun fi dọ́là méjì àbọ̀ lé e pé yóò kú! Ó ní ajá kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá kejì ló máa ń bù mú títí yóò fi borí. Ọjọ́ tó wá pàdé ajá tí ayùn ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, kò rí nǹkan dì mú. Ìbànújẹ́ ló pa á. Andrew Jackson lorúkọ ajá náà, orúkọ ẹni tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1829 sí 1837!

Àkèré ńkọ́? Daniel Webster ni Smiley sọ ọ́, orúkọ aṣòfin tí ẹnu rẹ̀ dùn jù láyé ìgbà yẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ ní fífò. Àlejò kan dé, wọ́n fi $40 lé e. Smiley lọ wá àkèré tí àlejò yóò lò; kó tó dé, àlejò ti fi síbí rọ ọta ìbọn wẹ́wẹ́ sí Daniel Webster lẹ́nu. Wọ́n ní ó yá. Àkèré àlejò fò lọ. Aṣòfin wa kò lè mira!

Kí ló pa wá lẹ́rìn-ín? Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá tó ń sọ ìtàn yìí kò sọ nǹkan kan, kò rẹ́rìn-ín rárá. Èkejì, òótọ́ ló bù mọ́. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ a máa sọ imú ènìyàn di òkè, àmọ́ imú onímú náà ni. Lágbègbè tí wọ́n ti ń wa góòlù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, tẹ́tẹ́ wọ́pọ̀. Smiley kàn jẹ́ èyí tí wọ́n fẹ̀ lójú ni.

Àmọ́ ẹ dúró. Lọ́dún 1863, ọkùnrin yìí kan náà ti kọ ìròyìn èké sínú ìwé ìròyìn kan ní Nevada: baálé ilé kan pa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó gún ẹṣin wọ ìlú pẹ̀lú ọ̀fun tí wọ́n ti gé láti etí dé etí. Ó fi àmì sí i pé irọ́ ni. Ó ní igbó ńlá wà níbi tí igi kò sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń parọ́ èrè fáwọn tó ra ìpín ló fẹ́ bú. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àwọn òǹkàwé rí. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn gbé e bí òótọ́, inú bí wọn nígbà tí àṣírí tú, Twain sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kejì.

Ọwọ́ kan náà, àbùmọ́ kan náà. Kí ló wá yà wọ́n? Ẹni tó jókòó gbọ́ ìtàn àkèré mọ̀ pé eré la ń ṣe. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn fi ọkàn tán wa ni. Àbùmọ́ tí olùgbọ́ mọ̀ ni àwàdà. Èyí tí kò mọ̀, irọ́ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń sọ nípa pàṣán olùkọ́ wa àtijọ́, ẹ jẹ́ kó gùn dé àjà, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí akápò bá dìde láti ka ìnáwó ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má bù kankan mọ́ ọn o!