Aspirin Kì Í Ṣe Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, àtẹ̀yin ọmọ tó ń bá wọn ra oògùn.

Tí wọ́n bá ti ní ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan ń ru, kì í pẹ́ tí ará àdúgbò á fi sọ fún un pé: "Ẹ máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́, kí rọpárọsẹ̀ má baà kọlù yín." Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ oògùn kì í ṣe aṣọ ẹbí tí gbogbo wa á jọ wọ̀.

Aspirin kì í mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn: bí iṣan ọpọlọ bá bẹ́, tàbí tí ọgbẹ́ inú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò ní tètè dá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò kápá sì wà lára ohun tó ń bẹ́ iṣan ọpọlọ.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, lára àgbàlagbà tó lé ní 19,000 tí kò ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èsì tó jáde ní 2018 fi hàn pé aspirin ò fi bẹ́ẹ̀ dín àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n láàárín bí ọdún márùn-ún, nínú 1,000 tó lò ó, nǹkan bíi 38 ló ṣẹ̀jẹ̀ tó le. Nínú 1,000 tí kò lò ó, 28 ni.

Ẹ tún rántí Alabukun tí a máa ń dà sẹ́nu bí orí bá ń fọ́ wa. Aspirin wà nínú òun náà.

Ẹni tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti fa rọpárọsẹ̀ fún, tí dókítà sì kọ aspirin fún un, kó má torí ọ̀rọ̀ mi já a sílẹ̀ o. Ewu ńlá ni.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí kò lè gbápá mọ́, ẹ má fún un ní aspirin nílé. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ bóyá iṣan dí ni àbí ó bẹ́. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ fún yín gan-an, ẹ máa lò ó déédéé, bára yín tiẹ̀ yá. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, ẹ sì máa lọ wọn ìfúnpá yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ̀rẹ̀ aspirin, ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó yẹ yín. Bí ìgbẹ́ yín bá sì dúdú, tó ń lẹ̀, ó lè jẹ́ pé inú yín ló ń ṣẹ̀jẹ̀; ẹ má dúró dọ̀la kẹ́ ẹ tó lọ sílé ìwòsàn.