Kọ̀ǹpútà Ìwòran nínú Pálọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí ni ti kọ̀ǹpútà tí a tò fún pálọ̀, èyí tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ẹbí lè máa wo eré, kí wọ́n máa gbọ́ orin, kí wọ́n sì máa wo àwòrán ara wọn láti orí àga. Àwọn kan ń pè é ní ohun ìgbafẹ́ olówó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe nínú ilé Yorùbá ni iṣẹ́ àká: kí ó bá wa pa ohun tí ó fẹ́ ṣègbé mọ́.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni tẹlifíṣọ̀n ti di àlejò tí a fi sí ipò ọlá nínú pálọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wu àlejò yìí ni ó ń sọ, ní àkókò tí ó bá wù ú. Bí ó bá sì ti sọ ọ́ tán, ó tán. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé ni agbára bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọdún 1976 ni irú èyí tí a ń pè ní VHS jáde ní Japan. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí àwa náà fi ń fi í gba àwòrán ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti oyè jíjẹ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1990, àwọn òṣèré wa ti ń gbé eré wọn jáde lórí rẹ̀. VCD ni ó tẹ̀ lé e, pẹlẹbẹ tí kò lè gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí eré kan fi máa ń wà lórí díìsìkì méjì, tí ẹnì kan yóò sì ní láti dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn bọ̀.

Níbo ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà nísinsìnyí? Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn, wọ́n wà nínú páálí lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kùn ní ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà ni ó wà nínú wọn. Ooru àti ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, yóò bu bí búrẹ́dì tí ó pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó pàápàá ti di ọ̀wọ́n: iléeṣẹ́ Funai ti Japan, tí a gbà pé òun ni ó kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ náà, dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní oṣù keje, ọdún 2016. Ohùn bàbá tí ó ti kú lè wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí ó má sì sí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn ní gbogbo ayé.

Irú kọ̀ǹpútà wo ni ó wá yẹ fún iṣẹ́ yìí? Ẹ má ṣe lọ ra ràgàjì tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ta géèmù. Irú rẹ̀ lè jẹ tó 300 watt, fáànù rẹ̀ a sì máa hó débi pé ẹ kò ní gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ. Àpótí kékeré tí kò ju ìwé Bíbélì lọ ti tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, iléeṣẹ́ Intel gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ N100, tí a ṣe kí ó máa fi 6 watt ṣiṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ní ẹ̀yà ara kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tú àwòrán lọ. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Fídíò òde òní, ńṣe ni a ká a pọ̀ bí aṣọ inú àpótí kí ó má ba à gba àyè. Ọ̀nà ìkápọ̀ sì pọ̀, bíi H.264, HEVC àti AV1. Kọ̀ǹpútà tí a bí ìtúpalẹ̀ mọ́ kì í làágùn. Èyí tí a kò bí i mọ́ yóò gbóná, àwòrán rẹ̀ yóò sì máa já. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà léèrè bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú HEVC àti AV1 fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń wò yín lójú láìdáhùn, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Mẹ́mórì 8 gigabyte tó o. Wáyà HDMI kan ṣoṣo ni yóò gbé àwòrán àti ohùn papọ̀ lọ sínú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni ó ń pa ẹ̀rọ wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bátìrì olómi kan tí ó jẹ́ 12 volt àti 200 ampere-hour gba nǹkan bíi 2,400 watt-hour. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni kí a máa lò, èyí tí í ṣe 1,200. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń jẹ 85 watt, tí kọ̀ǹpútà kékeré náà sì ń jẹ 15, ọgọ́rùn-ún péré ni. A ó fi wòran fún nǹkan bíi wákàtí 10 lórí ìnfátà. Ẹ fi ràgàjì ọ̀hún rọ́pò rẹ̀, wákàtí mẹ́ta kò ní pé. Kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ sì kọ́kọ́ so mọ́ ìnfátà, torí pé bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tí ó ń kọ lè bàjẹ́.

Atọ́kùn ètò bi mí léèkan pé kí ni a tún ń ṣe wàhálà fún nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà. Ìbéèrè náà dára. Wákàtí kan eré tí ó mọ́lẹ̀ lórí Netflix lè jẹ dátà tó 3 gigabyte. Yàtọ̀ sí ti owó, eré tí ẹ rí níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la bí àdéhùn rẹ̀ bá parí. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, iléeṣẹ́ Amazon kéde pé Prime Video kò ní gbé iṣẹ́ eré tuntun fún àwọn òṣèré ní Áfíríkà mọ́. A kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Ètò inú kọ̀ǹpútà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Media Center tí Microsoft gbé jáde ní 2002 kò sí nínú Windows 10 ti ọdún 2015. Kodi, tí ó gba orúkọ yìí ní 2014, ni mo fẹ́ràn, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ilé rẹ̀ di ọjà ayédèrú o. Òfin Ẹ̀tọ́ Aṣẹ̀dá ti ọdún 2022 kò fàyè gba kí a máa ṣe ẹ̀dà eré onieré tà.

Ó wá ku iṣẹ́ àká náà. Ẹ wá ẹ̀rọ fídíò tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ mú kí ẹni tí ó mọṣẹ́ nu orí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ àwòrán di nọ́ńbà sáàárín òun àti kọ̀ǹpútà. Kò sí ìkánjú níbẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta yóò gba wákàtí mẹ́ta gbáko. Bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ní 6 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò jẹ́ nǹkan bíi 8 gigabyte. Díìsìkì terabyte kan yóò sì gba bí ọgọ́fà irú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kí ẹ gbé e sí ilé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní ìlú mìíràn, nítorí iná àti olè. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti bu, ẹ má ṣe tì í bọ ẹ̀rọ, torí yóò ba orí ẹ̀rọ náà jẹ́, yóò sì kó èérí ran ìyókù.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ pe ìyá àgbà kí ó jókòó síwájú, kí ọmọ kan mú gègé. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, kí ìyá máa sọ orúkọ rẹ̀ àti ọmọ ẹni tí í ṣe, kí ọmọ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.