Ìyá Ọjà Nínú Ìgbìmọ̀: Alimotu Pelewura àti Owó Gàrí Nígbà Ogun Hitila



Nígbà tí Faransé ṣubú ní oṣù Kẹfà 1940, ogun Yúróòpù, tí à ń pè ní ogun Hitila, dé ẹ̀yìnkùlé Ìlaròó ní ilẹ̀ Yewa wa. Dahomey (Benin òde òní) tó bá wa pààlà bọ́ sábẹ́ ìjọba Faransé ti Vichy tó ń bá Jámánì ṣe, títí di ìparí 1942. Àwa wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Kétu wà ní Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa, ọmọ Kétu wà ní Kétu ní Dahomey, ogun sì là wọ́n láàárín. Ṣùgbọ́n inú igbá gàrí ni ọ̀pọ̀ ilé ti mọ̀ pé ogun ń jà.

Ẹni tó gbèjà igbá yẹn l'Ékòó ni Alimotu Pelewura. Ẹlẹ́ja ni, bí ìyá rẹ̀. Kò kàwé. Síbẹ̀, ní 1932 ó di ọ̀kan nínú Ìgbìmọ̀ Ìlú tó ń gba ọba Èkó nímọ̀ràn. Kò torí ìyẹn fi ọjà sílẹ̀. Ìsọ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá.

Ogun ń fẹ́ owó. Ìjọba ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ti ju pọ́n-ùn 50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1940, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n rọ́ lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà, Pelewura ló ṣáájú wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, pọ́n-ùn 50 di 200.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé. Kápútéènì Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó iye owó ọjà. Àwọn ọlọ́jà ní iye tí ìjọba dá lé gàrí kò kájú ohun táwọn ná.

Ẹ wo àpò gàrí kan tó fẹ́ ti Ìdógò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Ẹnì kan ti fa ẹ̀gẹ́ tu, ó ti hó o, ó ti rin ín, ó ti dì í sápò, ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro, ó jọ̀ ọ́, ó yan án nínú èéfín. Owó alágbàárù àti owó ọkọ̀ ṣì ń bẹ níwájú, kí alárobọ̀ tó rí èrè tirẹ̀.

Pullen fi pọ́n-ùn 100 lóṣù lọ Pelewura, kó lè bá a pàrọwà fún àwọn obìnrin. Ìlọ́po méjì ohun tí ìjọba kọ́kọ́ pè ní ọrọ̀ odidi ọdún nìyẹn, lóṣù kan ṣoṣo! Ó kọ̀ ọ́. Àwọn ọlọ́jà bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ iye owó àfipáṣe náà títí di 1945 tí ìjọba fi jáwọ́. Pelewura kú ní 1951.

Ẹnu àwọn àgbà ni ìtàn gàrí ti apá ọ̀dọ̀ wa wà, ẹni tó sì jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1943 ti lé ní 90 báyìí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn ìyá àgbà nílé, ní Ìlaròó àti Ayétòrò, lọ́dún yìí gan-an. Kí wọ́n bi àwọn ìyá náà pé: ta ló ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá yín nígbà ogun Hitila, èló ló sì ń san?