Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n: Kí Ni Dókítà Máa Ń Wò?

 

Nínú ọjà wa, bí ọwọ́ ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kíá la ó ti dá ẹjọ́: ó ń mu ògógóró, tàbí ayé ló ń ṣe é. Oníbàárà á rọra yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. (Ẹni tó ní ògógóró ni, ṣé òun ló ń rà á fún un?) Ó lè jẹ́ àrùn Parkinson, tí dókítà James Parkinson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ìlú London ní 1817. Òun náà ni wọ́n sọ fún Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ní 1984 pé ó ń ṣe é. Inú ọpọlọ ló ti ń wá, kì í sì í ràn.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán kọ́ ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Á ní kí ẹ rìn lọ, kí ẹ rìn bọ̀, kó wò ó bóyá apá kan ò jù mọ́. Á ká ọrùn-ọwọ́ yín wò bóyá ó le. Á ní kí ẹ kọ̀wé. Akọ̀wé àjọ tí lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i, kó lọ fara hàn. Kí ara máa lọ́ra ló ṣe kókó jù. Àwọn kan ní in tí ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá sinmi lórí itan.

Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá gbé ife omi ló ń gbọ̀n, tí ìyá tàbí bàbá ẹni náà sì ti ní in rí, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Thyroid tó wà lọ́rùn náà, bó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ọwọ́ á gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, èèyàn á máa rù. Ìyẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi hàn. Bó bá jọ rọpárọsẹ̀, wọ́n lè ya àwòrán ọpọlọ.

Èyí tó kàn wá jù ni ti oògùn. Haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ, àti metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, lè sọ ara di líle, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n bíi ti Parkinson gan-an. Bí dókítà bá pààrọ̀ rẹ̀, ó sábà máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú oògùn àdàpọ̀ tí a ń rà ní kẹ́míìsì, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá? Ẹ má sì dá oògùn dókítà dúró fúnra yín o!

Bí ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń jókòó ní ìsọ̀ lọ, torí ó ti rí ohun tí ẹ̀yin ò rí. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ àti iṣan. Wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn àti LUTH. Òun lè fún yín ní levodopa kó wò ó bóyá ara á dẹ̀. Ó sì lè ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àrùn náà ń fara hàn.

Ní báyìí ná, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ tirẹ̀, kó máa bá a wọn epo.